Orúkọ Tí Ìkíni Sọ Wá: Okun, Akú àti Iṣẹ́ Ògbufọ̀ Àjàyí Crowther

Láti Ayewa, ní ilẹ̀ Okun, ní agbègbè Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń kọ àpilẹ̀kọ yìí sí yín.

Ní àárọ̀ òní, kí n tó bọ́jú tán, ènìyàn mẹ́rin ni ó ti gba ẹnu ọ̀nà ilé wa kọjá. Ohun kan náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wí: "Okun o." Ẹni tí ó ń lọ sí oko wí i. Ẹni tí ó ń ti odò bọ̀ wí i. Ìyá àgbàlagbà kan, tí ó wá bá ará ilé kejì kẹ́dùn, wí i pẹ̀lú, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ohùn ẹni tí ó ń wí i ni ó ń sọ bóyá ayọ̀ ni tàbí ìbánújẹ́. Nínú ìkíni yìí ni orúkọ gbogbo wa ti wá. Owé tí ó wà ní Kàbà, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀, olúkúlùkù ni ó ní orúkọ tirẹ̀, ìlú tirẹ̀ àti ìtàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo wa ni a ń kí ara wa ní "Okun", Okun ni ayé ń pè wá.

Mo rántí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó nawọ́ sókè nínú kíláàsì mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú o. Ṣé Yorùbá gidi ni ẹ̀yin ará Kogí?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú kò bí mi, nítorí ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun sí etí wa. Bí a bá dé Ìbàdàn, wọn a ní ará Òkè-Ọya ni wá. Bí a bá dé Kàdúná, wọn a ní Yorùbá ni wá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó pín wa mọ́ ìhà Àríwá. Ní ọdún 1967 a bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogí sílẹ̀, tí a sì di ará Kogí. Ààlà yí padà lọ́nà mẹ́ta, "Okun o" kò yí padà.

Ìdáhùn tí mo fún ọmọ náà ní ọjọ́ yẹn kúrú, kò sì tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn rẹ̀ dáadáa lónìí. Láti dáhùn rẹ̀, a ó kọ́kọ́ lọ sí Freetown.

Àwọn méjì tí ìkíni sọ lórúkọ

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì a máa dá ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrú dúró lórí òkun, wọn a sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró láti dá wọn sílẹ̀. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Yàgbà. Kò sí orúkọ kan tí ó kó gbogbo wọn pọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó ti Ìjẹ̀ṣà wá kò pe ara rẹ̀ ní Yorùbá, nítorí ará Ọ̀yọ́ ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Freetown ṣàkíyèsí ohun kan: ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, lẹ́nu iṣẹ́, níbi òkú, "kú" kì í kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn yìí. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ̀jú. Ni wọ́n bá ń pè wọ́n ní Akú.

Ẹ wò ó! Àwọn ará Sàró kò mọ Okun, àwọn tí ó sọ wá ní Okun náà kò sì gba ìmọ̀ràn Sàró. Síbẹ̀ ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àlejò fetí sí ẹnu àwọn ènìyàn kan, ó sì rí i pé ìkíni ni ohun tí wọ́n fi yàtọ̀. Ní Cuba, Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé láti inú "olùkù mi", ìyẹn ọ̀rẹ́ mi, ni orúkọ náà ti jáde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà kẹta nìyẹn. Ẹ̀yà mìíràn lè gba orúkọ lára òkè tàbí odò tàbí jagunjagun kan. Àwa gba tiwa lára bí a ṣe ń kí ènìyàn.

Ní Freetown yìí kan náà ni ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan wà, Sigismund Wilhelm Koelle, tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó ń pe àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ 300: kí ni ẹ ń pe orí, ojú, omi, iná, ìyá? Ó kọ èdè tí ó lé ní 150 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1854 ni ìwé rẹ̀, *Polyglotta Africana*, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Lábẹ́ Akú, orúkọ méjìlá ni ó tò: Ota, Egba, Idsesa, Yoruba, Yagba, Eki, Dsumu, Oworo, Dsebu, Ife, Ondo àti Dsekiri. Bí ó ṣe gbọ́ ọ ni ó ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjùmú kò nílò ògbufọ̀ láti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè ní Dsumu. Yàgbà wà níbẹ̀, Ọ̀wọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìwé náà, Yoruba jẹ́ ọ̀kan nínú méjìlá, kì í ṣe baba àwọn mọ́kànlá yòókù. Koelle tilẹ̀ bá àwọn míṣọ́nnárì wí pé wọ́n ń ṣe àṣìṣe bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo pe gbogbo Akú.

Nítorí náà, ọmọ mi tí o béèrè lọ́wọ́ mi nínú kíláàsì, ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyí. Ní ọdún 1854, bí o bá bi ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Oǹdó pé ṣé Yorùbá gidi ni, òun náà ìbá rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ni a jọ di Yorùbá. Ta ni ó wá sọ wá di i? Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà jẹ́ ti ògbufọ̀ kan.

Ọmọ Òṣoògùn

Òṣoògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a bí Àjàyí sí, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827.

Nígbà ayé rẹ̀, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ Látìnì àti Gíríìkì, ó kọ́ èdè Temne ti Sàró, ó sì ṣiṣẹ́ lórí Ígbò àti Tápà. Ní ọdún 1843 ni wọ́n fi jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún yẹn kan náà ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin yìí ti lo ogún ọdún ó lé láàárín àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Èmi máa ń ronú nípa ìpàdé yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọdún 1864 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti jẹ́ kí èdè náà bọ́ sọnù ní Sàró, èdè wo ni ìbá fi kí ìyá rẹ̀?

Ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́ yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Kò jókòó sínú yàrá kí ó máa hun ọ̀rọ̀ láti inú orí ara rẹ̀. Ó ń fetí sí àwọn àgbà, ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1852, òwe kún ibẹ̀ bámúbámú, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kò ní ìtumọ̀ kíkún títí a ó fi rí i lẹ́nu ẹni tí ń lò ó. Ìwé Róòmù ní èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1850. Ní ọdún 1884 ni Bíbélì lódindi parí. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe é, Thomas King àti àwọn mìíràn bá a ṣe é.

Baba ìwà jẹ́ àlejò

Iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, iṣẹ́ ìpinnu ni. Kí ni a ó pe ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀sìn? Àwọn Mùsùlùmí ti ń pe onímọ̀ tiwọn ní àlùfáà tipẹ́tipẹ́ kí Crowther tó dé. Kò sá fún ọ̀rọ̀ náà, ó mú un lò. Àdúrà àti ìwàásù, láti inú Lárúbáwá ni àwọn náà ti wá. Wòlíì náà, ọmọ Lárúbáwá ni. Ẹni mímọ́ tí ó sún mọ́ Ọlọ́run ni ó jẹ́ níbẹ̀, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pe àwọn òjíṣẹ́ àtijọ́ ní ànábì. Ẹni tí ó bá ń gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí ń fi ọ̀rọ̀ tí mọ́sálásí kọ́kọ́ lò sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń jà nítorí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìpinnu ni ó dára. Nígbà tí wọ́n fi Èṣù túmọ̀ ọ̀tá Ọlọ́run inú Bíbélì, òrìṣà kan tí ó ń jẹ́ òjíṣẹ́, onílé oríta, tí ó ní ìbínú tí ó sì ní àánú, ni wọ́n bò mọ́lẹ̀ lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n yàn, ìran mélòó kan ni ó wá ń bẹ̀rù òrìṣà tí bàbá wọn mọ̀ dáadáa. Bí ògbufọ̀ bá ṣìnà ní ọ̀rọ̀ kan, ó lè gba ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó padà sí oríta.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sí àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá pé kí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ìwà ọmọlúàbí, yóò sọ pé sùúrù ni. Sùúrù ni baba ìwà, òwe wa ni ó wí bẹ́ẹ̀. Sùúrù sì rèé, láti inú *ṣabr* ti Lárúbáwá ni ó ti wá sí ọ̀dọ̀ wa. Àlàáfíà tí a ń tọrọ fún ara wa ní òròòwúrọ̀, *al-ʿāfiya* ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe baba ìwà gan-an, àlejò ni! Ṣé pé àwọn baba wa kò ní sùúrù kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ni? Rárá o. Wọ́n ní in, wọ́n ń hù ú níwà. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó bá a mu, wọ́n gbà á, wọ́n sì fi í joyè nínú ilé. Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ di tiwa ni bí a ṣe ń lò ó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá "Yorùbá gidi" tí kò ní àlejò nínú, kí ó kọ́kọ́ yọ sùúrù kúrò nínú ìwà, kí ó wo ohun tí yóò kù.

Ohun tí ó gbé wá, ohun tí ó gbé lọ

Crowther kò jìnnà sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1857, ó bá Baikie gòkè odò Ọya nínú ọkọ̀ *Dayspring*, ọkọ̀ náà sì fọ́ nítòsí Jẹ́bà. Nínú ìrìn àjò yẹn ni iṣẹ́ ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ ní Oníṣà àti ní Gbẹ̀bẹ̀, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ní òdìkejì Lọ́kọ́jà. Ẹnìkan tí ó fi síbẹ̀ ni James Thomas, ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn ìhà tiwa yìí, tí ó sì ti gbé ní Sàró. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Gbẹ̀bẹ̀ ní ọdún 1858 sí 1859 sílẹ̀ lójoojúmọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Ní àkókò yẹn, àwọn ológun Bídà ń gun ilẹ̀ Okun léraléra, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń kó ọmọ lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company dé Kàbà kí wọ́n tó kọjú sí Bídà, tí agbára Bídà lórí wa fi dópin. Ẹ sì wo ohun tí Crowther ń ṣe ní àárín àkókò ìṣòro yẹn: ní ọdún 1860 ó ṣe ìwé ABD ní èdè Tápà, ní ọdún 1864 ó ṣe ìwé gírámà rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe máa fi ìfẹ́ tò ọ̀rọ̀ àwọn tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tí kò sí ẹni tí ó tò ti àwọn tí wọ́n ń kó? Mo ti dàgbà sí i báyìí. Mo rí i pé ẹrú ni òun náà ti jẹ rí, ó sì mọ̀ pé kò sí èdè kan tí ó kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Ènìyàn ni ó ń kó ènìyàn. Ṣùgbọ́n apá kejì ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀.

Bíbélì Crowther ni ó kọ́ wa ní ìwé. Yorùbá inú rẹ̀, ti Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó fi ìdí ọ̀nà ìkọ̀wé múlẹ̀, Yorùbá yìí ni ó di ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó so wá pọ̀, ó sọ ọ̀pọ̀ nínú mọ́kànlá yòókù inú ìwé Koelle di ará ilé kan náà pẹ̀lú ẹnì kejìlá. Láìsí i, n kò ní lè kọ ohun tí ẹ ń kà yìí kí ọmọ Ìjẹ̀bú sì yé e. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ wa láti máa tijú ẹnu ara wa. Ìyá mi àgbà a máa gbàdúrà ní Yorùbá inú ìwé, a sì máa fi èdè ilé bá wa wí. Ní ọmọdé, mo rò pé Ọlọ́run kò gbọ́ èdè wa.

Ìwé pélébé kan

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ fún mi. Ìwé pélébé kan ni, lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ṣe é tinútinú. Mo wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu, mo fi àmì ohùn sí i láìku ẹyọ kan. Kí n tó dá a padà, mo mú un wá sí Ayewa, mo sì ní kí ìyá mi kà á. Ó kà á tán. Ó ní (èdè wa ni ó fi sọ ọ́, mo kàn ń tún un sọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò ni): "Ọmọ mi, ó dára, ó dà bí ìwé ìjọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Ó wọlé tọ̀ mí wá, kò kí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n má jẹ iyọ̀."

Mo wo ìwé náà. Òótọ́ ni. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìkíni, mo sì tẹ̀lé e ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má rò pé ẹ̀tọ́ "ẹ" dípò "o" ni ìyá mi ń béèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka èdè ìhà ìlà-oòrùn, bí Èkìtì àti Oǹdó, ọmọ lè pe bàbá rẹ̀ ní "ìwọ" láìsí àfojúdi nínú rẹ̀. Inú ìkíni, inú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, ni ọ̀wọ̀ ń gbé níbẹ̀. Ẹni tí kò bá kí ènìyàn, kò sí arọ́pò-orúkọ tí ó lè gbà á sílẹ̀.

Mo fi gbólóhùn méjì síwájú rẹ̀. Mo kí òǹkàwé, mo kí i kú ìtọ́jú ara, mo sì sọ ẹni tí ó rán ìwé náà. Ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ́. Wọ́n ní kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, pé ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́ sí ìwé tí a túmọ̀. N kò jà. Wọ́n san owó mi, mo sì gbà á. Ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ni pé mo gbà á. Nítorí bí ìyá mi bá rí ìwé náà ní ilé ìwòsàn, yóò gbé e kalẹ̀, ìmọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là yóò sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, nítorí gbólóhùn méjì. Òótọ́ sí ìwé dára. Òótọ́ sí ẹni tí yóò kà á ńkọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi, n ó sọ ọ́ kí n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ìkíni wà lára ìtumọ̀. Bí wọn kò bá gbà, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ohun tí mo sì fẹ́ bẹ ẹ̀yin náà nìyí. Bí ẹ bá lọ sí ilé ní ìsinmi, ní Okun, ní Àkókó, ní Ìkálẹ̀, níbikíbi, ẹ mú ìwé àjákọ kan dání. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè ìtàn ogun tàbí ti oyè. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ń jẹun, ẹni tí ń di irun, ẹni tí omi bàjẹ́ fún, ẹni tí oko rẹ̀ jó. Ẹ kọ ọ́ bí àgbà ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe kí ó lè jọ ti inú ìwé. Koelle ṣe é fún àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀, nínú ìlú tí kì í ṣe tiwọn. Kí ni yóò dí wa lọ́wọ́ láti ṣe é fún ìyá wa?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí o bá ń ka èyí, ìdáhùn mi rèé. Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá gidi ni wá, bí ìwọ náà ṣe jẹ́: a kí ènìyàn títí ìkíni fi di orúkọ wa.

Ó di ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ ire. Okun o.